Ilẹ̀kùn Plywood Tí Inú Rẹ̀ Ṣófo: Bí A Ṣe Ń Kàn Án Kó Fúyẹ́, Kó Le, Kó Má Tẹ̀

Ilẹ̀kùn ìrókò tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tó fẹ̀ ní 3, tó sì nípọn ní 40 mm, máa ń sún mọ́ 50 kílò. Ẹni méjì ló ń gbé e kọ́. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba, tí a fi plywood bò lójú méjèèjì tí inú rẹ̀ sì ṣófo, tí àwọn káfíńtà ń pè ní flush door, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 20 kílò lọ. Fún yàrá inú ilé, òun ló yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí a ń kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni kì í rí ọyẹ́ kejì kó tó tẹ̀ bí ọrun, tàbí kí egungun inú rẹ̀ máa yọ lójú bí ìhà ẹṣin tébi ń pa. Wọ́n á ní igi ni kò dáa. Igi kọ́ o. Gọ́ọ̀mù tí kò mú, ọ̀rinrin tí a kò bìkítà fún, àti ìkánjú ni.

Ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá

Ẹ wo ọparun. Inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ òun la fi ń ti dẹ́kìnì títí sìmẹ́ǹtì á fi gan. Ara rẹ̀ tó wà lóde ló ń ru ẹrù, oríkèé inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ara náà wó sínú. Ilẹ̀kùn yìí kò yàtọ̀. Plywood méjèèjì ni awọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín, tí à ń pè ní egungun, ni oríkèé.

Bí ẹ bá to plywood 4 mm méjì léra lásán, ọmọdé lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi 32 mm ya wọ́n, tí gọ́ọ̀mù sì sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan, líle rẹ̀ á ju ìlọ́po 200 lọ, á sì tó nǹkan bí ìdajì líle pákó gidi tó nípọn ní 40 mm. Ìdí ni pé kí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tó tẹ̀, awọ kan ní láti nà, èkejì ní láti súnkì, plywood kì í sì í gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí awọ méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni agídí wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí gọ́ọ̀mù kò bá ti mú, awọ á máa yọ̀ lórí egungun, ibẹ̀ á sì padà di plywood 4 mm lásán. Torí náà, ẹ má torí inú ilẹ̀kùn ra igi olówó ńlá. Gọ́ọ̀mù àti plywood ni kí ẹ ná owó lé.

Igi tó yẹ, àti bó ṣe yẹ kó gbẹ

Arère wà lára igi tó fúyẹ́ jù ní sọ́mìlì: bó bá gbẹ, mítà kan níbùú, lóòró àti lóòjìn rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 380 kílò lọ. Ó dára fún egungun inú. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í di súkúrù mú, torí náà ẹ má fi ṣe òpó ẹ̀gbẹ́ tí hínjì máa wà. Àfàrà tàbí mèlínà ni kí ẹ lò níbẹ̀. Àfàrà wúwo ju arère lọ, nǹkan bí 550 kílò, ṣùgbọ́n òpó méjì kò pọ̀ débi tí yóò ba ìfúyẹ́ ilẹ̀kùn jẹ́.

Kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn arère gan-an. Ẹ fi òògùn kùn ún, ṣùgbọ́n bí òògùn yẹn bá jẹ́ olóròóró, ẹ má jẹ́ kó kan ojú tí gọ́ọ̀mù máa dì, torí gọ́ọ̀mù funfun kì í mú lórí òróró.

Ẹ to pákó síbi tí ìbòòji wà, kí ẹ fi igi kéékèèké tó nípọn ní ínǹṣì 1 pààlà sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá sá a sójú oòrùn gangan, orí rẹ̀ á là. Láti mọ̀ pé ó ti gbẹ, ẹ gé ègé kan láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí, kí ẹ máa fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbà tí iye rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí pákó àti plywood jọ wà nínú yàrá kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní gígùn, ní ìbú ló ti ń wú nígbà òjò tó sì ń súnkì nígbà ọyẹ́. Egungun tí a lẹ̀ ní tútù nínú oṣù Keje á súnkì nínú oṣù Kìíní, plywood á sì tẹ̀lé e wọnú.

Ohun tí ilẹ̀kùn kan máa gbà

Fún ilẹ̀kùn 2100 mm sí 900 mm tó nípọn ní 40 mm:

Plywood 4 mm, 2, ti ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4.
Òpó ẹ̀gbẹ́ 2: 2100 × 75 × 32 mm.
Ìdábùú òkè àti ìsàlẹ̀: 734 × 100 × 32 mm.
Ìtìlẹ́yìn lọ́ọ̀kù 2: 400 × 100 × 32 mm.
Egungun inú 18: 734 × 12 × 32 mm.
Igi líle tẹ́ẹ́rẹ́ fún etí, 8 mm ní nínípọn, fún òpó méjèèjì.
Gọ́ọ̀mù funfun, nǹkan bí 300 gíráàmù.

Férémù inú á jẹ́ 884 mm ní fífẹ̀, etí 8 mm lọ́tùn-ún lósì á sọ ọ́ di 900. Àlàfo tó wà láàárín egungun kan sí èkejì á tó 89 mm. Ẹ má torí ìṣọ́wóná dín egungun kù sí 8 tàbí 9: plywood 4 mm tí kò rí nǹkan gbà á mú fún 200 mm á máa mì bí awọ ìlù. Àgbá òfìfo ní ń pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ bá a díje.

Ilé ìwẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní 600 mm lè rí ojú méjèèjì nínú plywood kan ṣoṣo, torí 1220 mm ni fífẹ̀ rẹ̀: ẹ là á sí méjì lóòró, ayùn á jẹ 3 mm, ó kù 608 fún ìkọ̀ọ̀kan.

Férémù

Gbogbo igi inú gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Ẹ kó òpó, ìdábùú, ìtìlẹ́yìn àti egungun gba inú ẹ̀rọ ìfági lọ́jọ́ kan náà, lórí ìwọ̀n kan náà. Egungun tó bá ga jù lọ ní ìdajì mm péré á hàn lójú ilẹ̀kùn bí ọ̀dà tó ń dán bá ti gorí rẹ̀. Èyí tó bá kéré jù burú ju ìyẹn lọ, torí gọ́ọ̀mù kò ní kàn án rárá, ẹ kò sì ní mọ̀.

Kò sídìí láti gbẹ́ ihò ìkìbọ̀ sí igun férémù. Ìṣó 5 ínǹṣì kan láti ẹ̀gbẹ́ òpó wọnú ìdábùú ti tó, kí ẹ lu ihò ṣáájú kí igi má bàa là. Awọ ló máa di igun náà mú, kì í ṣe ìṣó.

Ìtìlẹ́yìn lọ́ọ̀kù ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Inú lọ́ọ̀kù tí a ń rì sínú igi lè gba 60 sí 75 mm, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òpó. Bí kò bá sí igi lẹ́yìn rẹ̀, òpó á ti gé sí méjì nínú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ilẹ̀kùn á sì ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbá a pa. Ẹ fi ìtìlẹ́yìn sí òpó méjèèjì, kí àárín rẹ̀ jẹ́ 1000 mm láti ìsàlẹ̀, kí ẹni tó máa gbé ilẹ̀kùn kọ́ lè yan apá tó wù ú. Egungun tó bá dojú kọ ọ́, ẹ gé e sí 534 mm.

Ẹ di egungun pọ̀ kí ẹ lu ihò 6 mm sí àárín gbogbo wọn. Ẹ lu méjì sí ìdábùú òkè, méjì sí ti ìsàlẹ̀. Omi inú gọ́ọ̀mù ní láti rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà sì máa ń fẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn sí i. Ilẹ̀kùn tí a dí pa máa ń wú níbi tí gọ́ọ̀mù ti rọ̀. Ẹ fi ègé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí ẹnu ihò ìsàlẹ̀ àti òkè, nítorí àáyán.

Lílẹ̀ àti fífún

Tábìlì tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ lé gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ na okùn méjì láti igun dé igun lórí rẹ̀, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn láàárín. Bí wọ́n bá kan ara wọn láìtẹ ara wọn, tábìlì dára. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, tàbí tí ọ̀kan ń ti èkejì, ìlọ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn á sì jogún rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá ti gan kò ṣeé bẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ló dáa, lábẹ́ òrùlé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè mú ojú gọ́ọ̀mù gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó gbé plywood lé e. Nítorí náà, kí ẹni méjì ṣe é. Ẹ tẹ́ plywood ìsàlẹ̀, tí ẹ ti gé kó fi 10 mm tóbi ju férémù lọ, kí ojú igi rẹ̀ lọ lóòró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù sí igi férémù àti egungun nìkan, kì í ṣe sí plywood. Ẹ da férémù náà dé orí plywood, ẹ kun ojú kejì rẹ̀, ẹ gbé awọ kejì lé e. Ìṣó kéékèèké méjì ní igun kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kó yọ̀. Ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni o: bí ẹ bá lẹ ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la, omi gọ́ọ̀mù ti tẹ ti àná kí ti òní tó dé.

Wàyí o, búlọ́ọ̀kù. Àṣà wa ni láti to búlọ́ọ̀kù lé e lórí kí a sì lọ jẹun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù 20 tí ìkọ̀ọ̀kan tó 25 kílò jẹ́ 500 kílò. Ojú igi tí gọ́ọ̀mù wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 7000 níbùú lóòró. Ohun tó bá sẹ̀ǹtímítà kan kò tó ìdá mẹ́wàá kílò kan, gọ́ọ̀mù funfun sì ń fẹ́ tó kílò kan sí méjì. Búlọ́ọ̀kù á mú plywood tẹ́, kò ní fún un.

Igi ìfún ló yẹ. Ẹ gé igi líle 2 ínǹṣì sí 3 ní gígùn mítà 1.1, 14. Ẹ fá ojú kan nínú ìkọ̀ọ̀kan kí àárín rẹ̀ fi 3 mm yọ ju orí méjèèjì lọ. Ẹ to wọ́n ní méjì-méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n 300 mm síra, kí ẹ fi irin eléyín 12 mm àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n lórí méjèèjì. Sípánà lásán lè mú irin bẹ́ẹ̀ kan fún tó tọ́ọ̀nù kan. Àárín tó yọ yẹn ni kò ní jẹ́ kí agbára kó sí etí nìkan. Ẹ fi plywood 18 mm sáàárín igi ìfún àti ilẹ̀kùn kó má bàa dá ojú rẹ̀ lápá. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ kò bá fẹ́ fi igi ṣe egungun, páálí onígbì dára fún yàrá tó gbẹ. Ẹ gé e ní fífẹ̀ 32 mm, kí ihò inú rẹ̀ dúró láti awọ kan sí èkejì bí ọparun tó dúró, kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ á tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ìfún. Ẹ má lò ó fún ilé ìwẹ̀.

Etí, hínjì àti ọ̀dà

Ẹ fi ìfági gé plywood tó yọ, kí ẹ lẹ etí igi líle mọ́ òpó méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni kí ẹ tó gbẹ́ ihò lọ́ọ̀kù. Hínjì 4 ínǹṣì mẹ́ta: òkè ní 180 mm láti orí ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ ní 230 mm láti ìdí rẹ̀, ìkẹta láàárín wọn. Méjì lè gbé ìwúwo rẹ̀, ìkẹta ni kì í jẹ́ kó tẹ̀. Àlàfo 3 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè, 8 mm nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí kò ṣeé fá bí ti igi gidi. Bí ohun tí ẹ fá bá ju 5 mm lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí líle ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ kun gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti orí àti ìdí rẹ̀, iye ìgbà kan náà lójú méjèèjì. Ojú tí a kun lẹ́ẹ̀mẹ́ta á máa mu ọ̀rinrin díẹ̀, èyí tí a kun lẹ́ẹ̀kan á máa mu púpọ̀, ilẹ̀kùn á sì tẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni omi ìnulẹ̀ máa ń gbà wọlé, kí ẹ kùn ún kí ẹ tó gbé e kọ́, torí lẹ́yìn náà ọwọ́ kò ní tó o mọ́. Fún ilé ìwẹ̀, gọ́ọ̀mù tí omi kì í rọ̀ ni kí ẹ rà, torí gọ́ọ̀mù funfun lásán máa ń rọ̀ bí omi bá ń bá a lójoojúmọ́.

Títí di ìgbà tí ẹ máa gbé e kọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí igi mẹ́ta tó dọ́gba. Ẹ má fi ti ògiri. Bí onílé bá fẹ́ kan ìkọ́ aṣọ mọ́ ọn, ẹ béèrè gíga rẹ̀ kí ẹ tó lẹ ojú kejì, kí ẹ fi pákó 100 mm dábùú ibẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí orí ilẹ̀kùn níbi tó wà.