Ọwọ́ kọ́sítọ́mà ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ẹnu ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù, kẹ́ ẹ tó fi bọ́tìnì tuntun kún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń lò ó, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́, ohun tó máa dùn létí yín ló máa sọ, ojú ń tì í ni.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ṣe áàpù táwọn ìyá ọlọ́jà á máa kọ gbèsè sí, mo ní kí wọ́n fi orúkọ, orúkọ bàbá àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sí i, gbogbo wọn ní ó dáa, ẹnì kankan ò lò ó. Ìgbà tí mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ni mo tó rí i pé ara páálí ló ń kọ gbèsè sí, ohun tó sì kọ ni "Ìyá Síkírá", "ọlọ́kadà pupa", "àǹtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ". Ta ló mọ orúkọ bàbá ọlọ́kadà? Mo yọ gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀, kí wọ́n pè é bó ṣe wù wọ́n.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá síbi tí áàpù ò ti gbè wọ́n lẹ máa wá. Ẹ wo WhatsApp, ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń dá gúrúùpù sílẹ̀, wọ́n á fi ẹnì kan sí i, wọ́n á tún yọ ọ́, kó lè ku àwọn nìkan, kí wọ́n ṣáà ríbi tọ́jú nọ́ńbà àkáǹtì sí (èmi náà ṣe é o), 2022 ni WhatsApp tó jẹ́ kéèyàn máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí ara ẹ̀. Twitter ńkọ́? Ọwọ́ làwọn èèyàn fi ń tẹ RT (ìyẹn retweet, pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n tún gbé jáde) síwájú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kí bọ́tìnì ẹ̀ tó dé ní 2009.

Ẹ mú bírò dání, ẹ kọ ibi tí kọ́sítọ́mà ti dúró, ibi tó ti bú fóònù, ìgbà tó pe ọmọ ẹ̀ wá bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bíi èèyàn márùn-ún, tí mẹ́ta bá ń dá irú ọgbọ́n kan náà, nǹkan wà níbẹ̀ nìyẹn. Èyí tẹ́nì kan ṣoṣo ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀ ná. Kẹ́ ẹ tó kọ kóòdù, ẹ ya bí áàpù ṣe máa rí sórí bébà, ẹ gbé e fún wọn, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìka wọn máa lọ.

Ìyá onírẹsì yẹn ṣì ń kọ gbèsè sára páálí tí fóònù ẹ̀ bá ti kú o. Mo ti ń rò ó báyìí bóyá kí áàpù jẹ́ kó máa ya páálí yẹn ní fọ́tò.