Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń múra WAEC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó yé da gbogbo ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó kọ bó ṣe wà. Kó kọ kókó ọ̀rọ̀ kan sáàárín ojú ìwé, kó wá fa ìlà láti ibẹ̀ lọ síbi ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ 7 tó wà ní gúúsù Kwara wa níbí. Ọmọ tó kàn ń kà á bí ẹni ń kọrin máa fo méjì. Kó fi hun ìtàn: aláboyún kan (Ọ̀yun) kúrò ní Ọ̀fà, ó gun òkè (Òkè-Ẹ̀rọ̀) dé Èkìtì, wọ́n sìn ín sọ́nà (Ìsin), ìfẹ́ dùn, ìrẹ́pọ̀ dùn (Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn). Ó pé! Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó hun ún o, torí èyí tí a bá hun fún un kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Tó bá dalẹ́, kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́ láìwò. Èyí tó bá fò nìkan ni kó padà kà. Ìṣirò ní tiẹ̀ ò gba ìtàn, àfi kó máa ṣe é léraléra.