Bí ṣúmékà ṣe ń fi ẹ̀kọ́ Shantideva pa ìbínú

Ṣúmékà ni mí ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀ níbí, inú sì tètè máa ń bí mi. Nígbà kan, mo ju bàtà oníbàtà sójú títì, mọ́tò sì gùn ún. Ọmọ yunifásítì kan tó jókòó de bàtà tirẹ̀ lọ́jọ́ náà ló sọ̀rọ̀ Shantideva fún mi.

Ẹlẹ́sìn Búdà ni, ní Nalanda, ilé ẹ̀kọ́ ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Íńdíà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ̀ ju kó jẹun, kó sùn, kó lọ yàgbẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí awọ ló mú mi: níbo la ti fẹ́ rí awọ tó máa bo gbogbo ilẹ̀ ayé? Ti abẹ́ bàtà ẹni nìkan, ó ti dà bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ la bò. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ò lè ká gbogbo ẹni tó ń bí wa nínú lọ́wọ́ kò, ọkàn tiwa ni ká kó níjàánu. Èmi tí mò ń ra awọ kúkú mọ̀ pé ti abẹ́ bàtà gan-an ò rọrùn rà mọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń lò ó. Tí ẹnu bá ti ń yún yín láti fèsì, Shantideva ní kí ẹ dúró bí ìtì igi. Èmi máa ń fi eyín di òwú ìránbàtà mú. Ẹni tó di òwú séyín ò lè ṣépè.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín: ṣé ó ṣeé tún ṣe? Tó bá ṣeé tún ṣe, kí ni ti ìkanra? Tí kò bá ṣeé tún ṣe, kí ni ìkanra fẹ́ bá wa ṣe níbẹ̀? Ìyá kan wá pariwo lé mi lórí pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, gìgísẹ̀ bàtà tí mo lẹ̀ ti ṣí. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo fi ìṣó kàn án, ó parí.

Èyí tó le ni ti igi. Ẹni tí wọ́n fi igi nà kì í bínú sí igi, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ń bínú sí. Shantideva ní ìbínú ló mú ẹni yẹn náà lọ́wọ́, nítorí náà ìbínú ni ká bínú sí. Ẹ má dán èyí wò lójú ìjà o, alẹ́ ni mo máa ń rò ó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí ọlọ́kadà tó ń fun fèrè de ìyá náà. Mo sì rántí pé n ò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn gbẹ díẹ̀ kí n tó lẹ bàtà pọ̀.

Ti ọkùnrin tó gbé bàtà lọ láìsanwó, tó sì kó kúrò nílùú, kò ṣeé tún ṣe, síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo fi kanra. Owó ni mo ń gbà báyìí kí bàtà tó kúrò lọ́wọ́ mi.