Bí mo ṣe ṣètò owó ọkọ̀ afẹ́ tí ìdílé wa fi yí erékùṣù Gíríìsì ká

Iye tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán ọkọ̀ afẹ́, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí èèyàn ń yá fún ìgbádùn, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹni tó bá ń rò ó mọ̀ nìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dàrú. Èmi ni mo jókòó sí Adó-Èkìtì tí mo ṣètò ọkọ̀ tí ìdílé wa fi ọ̀sẹ̀ kan yí erékùṣù Gíríìsì ká nígbà tí Yèyé wa pé àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ Yèyé wà ní London, ní Houston, ní Èkó àti nílé níbí. Owó tí à bá fi ta àgọ́ kí a sì pa màlúù, gbogbo wa fẹnu kò pé kí a fi kó ara wa jọ sójú kan, níbi tí àlejò ò ti ní gba Yèyé mọ́ wa lọ́wọ́. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn títí dòní.

Ibi tí a máa lọ ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn. Àbúrò mi tó wà ní London fẹ́ Mykonos àti Santorini, torí àwọn ni gbogbo ayé ń pariwo. Òkun Aegean ni àwọn yẹn wà. Bó bá di oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ wá láti àríwá, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìsinmi, kí ọkọ̀ há sí èbúté kí owó sì máa lọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Mo ní kí a dojú kọ ìhà ìwọ̀ oòrùn, sí òkun Ionian: Lefkada, Meganisi, Ithaca, Kefalonia. Omi ibẹ̀ máa ń rọ̀ ju ti Aegean lọ, àwọn erékùṣù náà sì sún mọ́ra débi pé wákàtí díẹ̀ ni ẹ máa rìn kí ẹ tó tún ju ìdákọ̀ró. Afárá ló so Lefkada mọ́ ilẹ̀, nítorí náà mọ́tò lásán ló gbé Yèyé láti pápákọ̀ òfuurufú Preveza dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Oṣù kẹfà ni a mú. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ló wọ́n jù lọ́dún.

Irú ọkọ̀ tí ẹ bá yàn ló máa sọ bí owó ṣe máa rìn lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì nìkan sáré rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tó ń mu kò ṣe é fẹnu sọ. Kàtàmáráànì ni mo mú, ọkọ̀ onígbòkun tó ní ikùn méjì, tí kì í fì tó ti oníkùn kan. Yàrá márùn-ún ló ní fún àwa mẹ́wàá, pẹ̀lú kápẹ́tẹ̀nì, alásè àti ọmọ ọkọ̀ kan. Ìbátan bíi mélòó kan bẹ̀ wá pé àwọn náà fẹ́ bá wa lọ, mo sì ní láti ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ afẹ́ tí wọ́n ń yá fúnni kò gbọdọ̀ gbé ju àlejò 12 lọ, torí bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, òfin ọkọ̀ akérò ńlá ló máa mú un.

Yèyé kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Èkìtì kò ní òkun. Omi tí wọ́n mọ̀ ni ti Ìkògòsì, níbi tí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń pàdé èyí tó tutù. Kí a tó sanwó kankan, ẹ̀gbọ́n mi mú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island, kí a lè mọ̀ bóyá òòyì máa kọ́ wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kọ orin ìjọ títí a fi dé. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí àwòrán kì í fi hàn. Nínú kàtàmáráànì, inú ikùn ọkọ̀ ni yàrá sábà máa ń wà, àtẹ̀gùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni èèyàn máa sọ̀ kó tó dé ibùsùn, orúnkún Yèyé kò sì fẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ní kí ejẹ́ǹtì tó ń bá wa yá ọkọ̀ náà bá mi pe kápẹ́tẹ̀nì lórí WhatsApp, kó gbé fóònù rìn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dé yàrá. Ó fi sùúrù ṣe é. Mo rí ibi tí ọwọ́ lè dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo rí bí ibùsùn ṣe ga tó, mo rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Mo wá ní kó fi pákó ìsọ̀kalẹ̀ hàn mí. Lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ sí etí èbúté: wọ́n á ju ìdákọ̀ró síwájú, wọ́n á fi okùn so ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ máa gbà bọ́ sílẹ̀, omi á sì wà lábẹ́ yín. Pákó tiwọn kò ní ibi ìdìmú. Mo sọ ọ́, wọ́n sì bá wa fi irin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó dé, a kò san kọ́bọ̀ lé e. Tí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ béèrè pákó yìí kí ẹ tó béèrè Wi-Fi.

Ó wá ku owó. Iye tó wà lábẹ́ àwòrán jẹ́ 24,000 yúrò fún ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni iye yẹn sì kó. Owó orí ìjọba wà lórí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: Ítálì 22%, Sípéènì 21%, Faransé 20%, Croatia 13%. Ti Gíríìsì jẹ́ 24% lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dín in kù fún ọkọ̀ tí èèyàn bá yá fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí náà iye tó bá wà nínú ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ fi ṣírò. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi 3,000 yúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní APA (Advance Provisioning Allowance), òun ló sì ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò ó bí owó ọjà tí à ń kó lé alásè lọ́wọ́ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé: á ra nǹkan, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì dá ṣẹ́ńjì padà. Kápẹ́tẹ̀nì ló ń gba ti ọkọ̀. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ, ohun mímu, dísẹ́ẹ̀lì àti owó èbúté ti ń jáde. Wọ́n ní kí a san 30%, ìyẹn 7,200 yúrò. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lè béèrè jù bẹ́ẹ̀. Owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kò sí nínú APA. Láàárín 5% sí 15% ni wọ́n sábà máa ń fún wọn ní àwọn òkun ibẹ̀, a sì fi tiwa sí 10%, ìyẹn 2,400. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 36,600 yúrò. Ohun tí wọ́n pè ní 24,000 nìyẹn o. Ó já sí 3,660 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdajì owó ọkọ̀ la san nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé. Ìdajì yòókù àti APA wọlé ní nǹkan bí oṣù kan kí a tó gbéra. Kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, mo gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà, mo sì rí i dájú pé orúkọ iléeṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn náà ló wà lórí àkáǹtì. Ejẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ sanwó sí àkáǹtì ara òun, ẹ fi í sílẹ̀.

Yúrò ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ìṣirò náírà tí ẹ bá ṣe lónìí lè má dúró dé oṣù tó ń bọ̀. Àwa tó ń gba owó oṣù ní náírà ń dá tiwa lóṣooṣù, ọjọ́ tí owó bá sì wọlé náà ni mo ń sọ ọ́ di yúrò. Àwọn tó wà lókè òkun gbé tiwọn, wọ́n sì gbé ti Yèyé lé e. N kò gbà pé kí a pín in dọ́gba-dọ́gba. Ọgbọọgba tó máa mú kí tíṣà kan jẹ gbèsè kò dáa fún ẹbí.

Àwọn tó ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà. Àwa yòókù lọ gba ti Schengen. Àbújá ni ilé iṣẹ́ aṣojú Gíríìsì wà. 90 yúrò ni owó físà àgbàlagbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbánigbófò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìwòsàn. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Àdéhùn ọkọ̀, tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀, la fi ṣe ẹ̀rí ibi tí a máa sùn. Mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a lè fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí kò bá rí físà gbà. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo owó wa.

Àwọn ọlọ́kọ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí a kọ ohun tí a fẹ́ máa jẹ. Ọmọ Èkìtì ni wá, iyán kò ṣeé yọ sílẹ̀. Òfin Yúróòpù kò jẹ́ kí èèyàn gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti ilẹ̀ wa, kódà pọ̀nmọ́ kò gbọdọ̀ sí nínú àpò, iṣu tútù náà sì nílò ìwé ẹ̀rí. Ìyẹ̀fun iyán, gàárì àti ẹja gbígbẹ la kó. Àbúrò mi obìnrin kọ́ alásè ọkọ̀ bí a ṣe ń ro ó, ó sì mọ̀ ọ́n rò.

Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ lórí ilẹ̀, àpò yín lẹ máa fi san án. Fiskardo ní Kefalonia ni tiwa ti jáde jù, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀: ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1953 wó ọ̀pọ̀ ilé erékùṣù yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ Fiskardo kò wó, etí omi gan-an ni Yèyé sì jókòó sí láàárín wọn.

Lọ́jọ́ tí a máa sọ̀ kalẹ̀, kápẹ́tẹ̀nì tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì, dísẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, èbúté lọ́tọ̀, ọjà lọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbé wa débi pé dísẹ́ẹ̀lì kò pọ̀, 1,140 yúrò ló sì ṣẹ́ kù nínú APA. A fi owó ọpẹ́ sínú àpòòwé fún un kó pín in láàárín wọn. 1,140 tó ṣẹ́ kù nínú APA yẹn, mo pín in padà bí olúkúlùkù ṣe dá a, mo sì ya gbogbo rìsíìtì náà sórí WhatsApp ẹbí.