Bí a ṣe ń kọ àlàyé sórí fọ́ńṣọ̀n tó ń sọ lẹ́tà di báìtì, tàbí báìtì di lẹ́tà

Fọ́ńṣọ̀n ni ègé ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ kan; báìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Àlàyé tó kàn sọ pé "fọ́ńṣọ̀n yìí ń yí lẹ́tà padà" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́ mọ̀ ni pé: nọ́ńbà tó ń dá padà, ṣé iye báìtì ni àbí iye lẹ́tà? Kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, lókè fọ́ńṣọ̀n náà gan-an.

Fi ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́tà 5 ni ojú ń rí nínú "Ìjẹ̀bú", àmọ́ kóòdù Unicode (nọ́ńbà tí a fún lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan) 6 ni, báìtì 11 sì ni nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a ń gbà sọ àwọn kóòdù yìí di báìtì): Ì gba 2, j gba 1, ẹ gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2, b gba 1, ú gba 2. Tí wọ́n bá tú gbogbo àmì sọ́tọ̀ (NFD), ó di kóòdù 9, báìtì 13. Sọ èyí tí fọ́ńṣọ̀n rẹ ń retí.

Báìtì tó bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé fọ́ńṣọ̀n náà á dúró ni, àbí á fi U+FFFD (àmì tó dúró fún ohun tí kò ṣeé kà) rọ́pò rẹ̀? Tó bá rọ́pò rẹ̀, tí ẹni tó ń to orúkọ ẹgbẹ́ wọn fún Ojúde Ọba wá tẹ "save", lẹ́tà náà ti lọ nìyẹn. Ìkìlọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Má fò ó.

Sọ bóyá ó ń yọ BOM (àmì tí àwọn ètò kan ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì) kúrò. Tí "áº¹" bá jáde níbi tí ẹ yẹ kó wà, Windows-1252 (ọ̀nà àtijọ́ tó ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan) ni wọ́n fi ka UTF-8. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀.