Bí a ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé kí nọ́ńbà má parọ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ ìfúnpá fún Màmá tàbí Bàbá, ẹ má wọ̀n ọ́n bí wọ́n bá ṣe ń ti ọjà dé. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Apá wọn gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kó bá àyà dọ́gba. Tó bá rọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà á ga. Bákan náà ni aṣọ ìdìpá (èyí tí ẹ̀rọ náà fi ń fún apá) tó bá há (wàhálà àwọn tí apá wọn tóbi nìyẹn). Ara ni kẹ́ ẹ dì í mọ́, kì í ṣe orí ẹ̀wù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 1 láàárín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń jẹ́ 135/85 (nọ́ńbà òkè 135 tàbí ti ìsàlẹ̀ 85) sókè lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ rí dókítà. 180/120 sókè pẹ̀lú àyà dídùn tàbí kí apá kan ara rọ: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.