Ẹ Ya Owó Ọ̀fẹ́ Kúrò Lára Gbèsè: Bí A Ṣe Ń Wá Owó Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tí yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń sọ iye tí yóò fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ máa ń dùn ún kà. Ẹ fara balẹ̀ kà á o: owó tí a kì í dá padà wà níbẹ̀, gbèsè náà wà níbẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ sí. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ló ṣáájú.

FAFSA ni fọ́ọ̀mù náà, òun ni a fi ń béèrè owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Orí studentaid.gov ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni; ẹ má dá ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó lóhùn. Ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card àti ẹni tí ìjọba ti fún ní ààbò gẹ́gẹ́ bí asásálà lè fi gba owó ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà (October) ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke tirẹ̀, owó mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i gbà.

Ọ̀dọ̀ òbí ni fọ́ọ̀mù ti máa ń há jù. Ọmọ àti òbí gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ímeèlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni) náà lè ṣí tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ owó orí òun, kódà bí kò bá san owó orí rárá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà.

Nọ́ńbà SAI, tí ilé-ìwé fi ń mọ bí ìrànlọ́wọ́ tí ẹ nílò ṣe pọ̀ tó, ni wọ́n ó fi dá yín lóhùn. Ó lè kéré tó -1,500. Bó bá ṣe kéré tó ni ìrànlọ́wọ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. Pell Grant, tí a kì í dá padà, tó $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025–2026, fún ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀.

Owó tó wọlé fún yín lọ́dún méjì sẹ́yìn ni FAFSA ń wò. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù kò mọ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ owó ní ilé-ìwé, ẹ ní “professional judgment” lẹ ń béèrè, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ owó yín yẹ̀ wò, kí ẹ fi ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ìwé owó ilé ìwòsàn tì í. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ẹ má tijú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo físà F-1 (físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè) kò sí nínú owó ìjọba àpapọ̀. Owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni kó wá. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í tìtorí àìlówó kọ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n àtiwọlé síbẹ̀ le púpọ̀, nítorí náà kó kọ̀wé sí ilé-ìwé mìíràn mọ́ wọn.

Ní ti sikọ́láṣíìpù láti ìta, ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí: ibi iṣẹ́ òbí, ìjọ tàbí mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn tó ń du irú èyí kì í pọ̀ tó àwọn tó ń du èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Kí ẹ tó gbà á, ẹ bi ilé-ìwé bóyá wọn ó tìtorí rẹ̀ dín owó tiwọn kù, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ pé ara gbèsè ni wọ́n ó ti kọ́kọ́ yọ ọ́.

Nígbà tí lẹ́tà bá wá dé, ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún kan sílẹ̀: owó ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, ọkọ̀ wíwọ̀. Grant àti sikọ́láṣíìpù nìkan ni kí ẹ yọ kúrò. Ẹ má yọ “loan”, gbèsè ni. Ẹ má yọ Work-Study náà, owó iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì ṣe ni. Ká ní ilé-ìwé kan ń gba $60,000, tó sì fún yín ní Grant $45,000: $15,000 ló kù. Èkejì ń gba $32,000, ó ní òun ran yín lọ́wọ́ pẹ̀lú $20,000, ṣùgbọ́n $5,500 nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè: $17,500 ló kù. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n jù gan-an ló pọ́ọ́kú.

Bí ẹ bá máa yá owó, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tí wọ́n ń pè ní subsidized: ìjọba ló ń san èlé rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣì wà nílé-ìwé. Èlé ti unsubsidized ń gorí láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yá yín lówó náà.

Ẹ béèrè bóyá Grant náà máa dé lọ́dọọdún, àti máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbà kó má bàa bọ́. FAFSA fúnra rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kọ.